Kóòtù Tí Ntamagendero Kò Wá Gbà

Íńṣì méjìdínlógójì ni àyà rẹ̀.
Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo fi téèpù yí i ká
tó ń rẹ́rìn-ín pé ọwọ́ mi tutù bí ẹja ńdágálà
tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde nínú adágún.

Ère tí wọ́n gbé sí oríta èbúté
tó íńṣì márùndínlọ́gọ́ta, ó kéré tán.
Èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì.
Ntamagendero tí èmi ránṣọ fún,
èjìká òsì rẹ̀ rẹlẹ̀ ju tọ̀tún lọ;
òwú díẹ̀ ni mo máa ń tẹ́ síbẹ̀ kí ayé má baà mọ̀.
Idẹ kò nílò òwú.

Ọjọ́bọ̀ ló mú kóòtù aláwọ̀ eérú yìí wá,
ó ní aṣọ inú rẹ̀ ti já,
ó ní òun ń bọ̀ wá gbà á ní Sátidé.
Lọ́jọ́ Jímọ̀, bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò,
ìbọn dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin.
Ìdí ẹ̀rọ ni mo wà. Mo rò pé táyà ló bẹ́.

Ta ló pa á?
Ilé ọtí kọ̀ọ̀kan nílùú yìí ló ní apànìyàn tirẹ̀.

Ìyá Kabura tó ń fún epo gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sókè bẹ́ẹ̀dì:
òun ló jẹ́ kí ọmọ mi mọ ìwé láìsan kọ́bọ̀.
Gahungere kì í gba ẹ̀gbẹ́ ère náà kọjá kó má tutọ́.
Abúlé wọn kò dìbò bó ṣe fẹ́;
títí dòní, koríko kò hù dáadáa
níbi tí abà ìyá rẹ̀ wà.
Àwọn méjèèjì ló ń wá tún aṣọ ṣe lọ́dọ̀ mi.
Àwọn méjèèjì kò parọ́.

Èmi ńkọ́?
Àbúrò mi, Sinzobakwira,
tí wọ́n mú nígbà òjò nítorí ọ̀rọ̀ mẹ́ta
tó fi èédú kọ sára ògiri ilé òwú.
Ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ó tilẹ̀ ṣi ọ̀kan kọ.

Ìgbà tí mo tú aṣọ inú kóòtù ni mo rí i:
èèpo ẹ̀pà kan, ìwé kan tí a ká sí mẹ́rin.
Orúkọ méje, tádàwà aláwọ̀ ewé, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀.
Kò sí àkọlé lókè, kò sí ọ̀rọ̀ nísàlẹ̀.
Orúkọ karùn-ún ni àbúrò mi.
Ó fa ìlà sí i,
kì í ṣe lórí orúkọ o,
abẹ́ rẹ̀ ni.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, àwọn sójà kó ẹlẹ́wọ̀n gba ọ̀nà adágún.
Ọ̀kan nínú àwọn méje kò padà.
Ọ̀kan kọ́: kò sí ìkankan.

Bó bá jẹ́ àwọn tó fẹ́ dá sílẹ̀ ni,
ọta mẹ́rin yẹn pa ènìyàn mẹ́jọ.
Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀,
a jẹ́ pé ọwọ́ mi yìí ni mo fi òwú
gbé èjìká apani sókè kó lè dọ́gba.

Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan wá láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé,
ìbọ̀wọ́ funfun, owó nínú àpòòwé.
Ó bi mí bóyá nǹkan kan wà nínú àpò kóòtù.
Mo ní èèpo ẹ̀pà.
Ó kọ ọ́ sílẹ̀.
N kò gba owó rẹ̀. N kò fún un ní kóòtù.

Òkú kò mọ iye a rágọ, òótọ́ ni,
ṣùgbọ́n òkú yìí jẹ mí lówó aṣọ inú,
n kò sì mọ̀ bóyá èmi náà jẹ ẹ́ ní nǹkan.

Lánàá, mo sá kóòtù sóòrùn nítorí kòkòrò.
Mo tú ìwé náà, mo tẹ́ téèpù sórí ìlà.
Íńṣì kan ààbọ̀.
Ìyẹn nìkan ni mo lè búra sí.